Ẹ Má Ṣe Dúró Ti Ẹsẹ̀ Nìkan

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Buford níbí, bí aláìsàn bá ní ẹsẹ̀ òun ń kú tipiri, ẹ má dúró ti ẹsẹ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ ló ń ké, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n lù.

Ẹ mú nǹkan tó mú lẹ́nu díẹ̀, kí ẹ máa fi kàn án lára láti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ lọ sókè. Ẹ má kánjú. Ibi tó bá ti wí pé, "Hẹ̀n-ẹn, ó ń gún mi wàyí," ẹ fi báírò sàmì síbẹ̀. Ààlà nìyẹn. Bó bá bọ́ sí ìdodo, ní T10 tàbí lókè rẹ̀ ni mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti fara gbọgbẹ́. Bó bá jẹ́ orí ọmú, ẹ wo T4. Ẹlòmíràn kò ní sọ pé ara òun kú, á ní ó dà bíi pé wọ́n gba ọ̀já mọ́ òun láyà pinpin. Ẹ má bá a pè é ní inú kíkún.

Ohun tó ń ṣe àwa Yorùbá ni ìtìjú. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n gbé ìyá kan wá, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ẹsẹ̀ wọn ń wúwo. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bèèrè ibi tó ń ro wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò bèèrè ìtọ̀, torí ẹgbẹ́ ìyá mi ni wọ́n. Ọjọ́ kejì ni mo rí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ léra sábẹ́ ìdí. Ìtọ̀ ti kún inú wọn bámúbámú, ó wá ń jò tótótó láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n padà fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n agbára láti mú ìtọ̀ dúró kò padà. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ṣì ń dùn mí.

Torí náà, ẹ ní kí àwọn ọmọ wọn jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Mà, tí ẹ bá ń nu ìdí, ṣé ẹ ń mọ ọwọ́ ara yín lára? Ṣé ìtọ̀ ń yá bíi tàtijọ́?" Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ya MRI lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀gbẹ́ wa ni adágún Lanier wà. Nígbà ooru, ọ̀dọ́ á fi orí sọ omi tí kò jìn, ọrùn á ṣẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, apá àti ẹsẹ̀ á rọ jọ̀bọ̀tọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n lè le gan, kí wọ́n máa gbọ̀n. Omi òkun ló ṣe James Shepherd, ọmọ Atlanta, léṣe ní Brazil ní 1973. Ìjàǹbá yẹn ló mú kí òun àti àwọn òbí rẹ̀ dá ilé ìwòsàn Shepherd Center sílẹ̀ ní 1975.

Bàbá tó ṣubú dojúbolẹ̀ lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, kó má lè de bọ́tìnnì. Ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ẹsẹ̀ kan bá sì rọ, tí èkejì kò mọ omi gbígbóná, ìdajì mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ló bàjẹ́, ní ìhà ẹsẹ̀ tó rọ. Dókítà Brown-Séquard, ọmọ erékùṣù Mauritius, ló fi èyí hàn ayé ní nǹkan bí 1850.

Ẹni tó ti fara pa látijọ́ ní T6 tàbí lókè rẹ̀ ńkọ́? Bí orí bá ṣàdédé ń fọ́ ọ, tí òógùn bo ojú, tí ẹ̀jẹ̀ sì ru sókè, ẹ gbé e jókòó, ẹ tú bẹ́líìtì rẹ̀. Bí ẹnìkan ṣe ń pe dókítà, kí ẹnìkejì tọpa rọ́bà ìtọ̀ láti àpò dé ara. Mo ti bá a tó ká sábẹ́ itan rí. Bí mo ṣe nà án, ìtọ̀ ya wá, orí fífọ́ náà sì lọ.