Wọ́n Lé Wọn ni, àbí Wọ́n Já?

Nígbà tí Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ kúrò ní líìgì àgbà Nàìjíríà ní 2025, ohun tó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn láti sọ ni pé "wọ́n ti lé wọn." Èmi ò fara mọ́ ọn. "Lé" ń béèrè ẹni tó léni, ó sì ń béèrè ẹ̀sùn. Òfin líìgì ò mọ ìkankan nínú méjèèjì: 20 ẹgbẹ́ ló ń gbá a, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, mẹ́rin tó bá wà nísàlẹ̀ tábìlì á sì já. Òfin yìí kì í wojú ẹnikẹ́ni. Akwa United tó gba ife ní 2021 náà já ní 2025. Heartland, tó gba ife márùn-ún nígbà tó ń jẹ́ Iwuanyanwu Nationale, náà já. Sunshine Stars fúnra rẹ̀ ti wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àwọn akọni Áfíríkà ní 2012, kí Al Ahly tó dá wọn dúró. "Wọ́n já wálẹ̀" ló tọ́.

Ẹnìkan lè ní "wọ́n" inú "wọ́n lé wọn" ò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni, pé bí a ṣe ń sọ "wọ́n bí mi ní Ìlárá-Mọ̀kín" náà ni. Òótọ́ ni, àmọ́ "bí" kì í dáni lẹ́bi, "lé" ń dáni lẹ́bi. Ẹ fi Juventus ṣe àpẹẹrẹ: àwọn ló ṣe ipò kìíní ní Ítálì ní 2006, ìgbìmọ̀ ló dá ẹjọ́ màgòmágó tó gbé wọn lọ sí ìpele kejì. Ìyẹn ni a lè pè ní lílé wálẹ̀. Bí a bá lo "lé" fún méjèèjì, ẹgbẹ́ tí kò rí máàkì kó á di ẹni tí ọ̀tá ṣe, àwọn alákòóso rẹ̀ á sì ráyè sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Fìdí rẹmi" ò wúlò níbí, torí ẹgbẹ́ tó gba ife pàápàá lè fìdí rẹmi lọ́jọ́ kan. "Já kulẹ̀" ló tún máa ń da àwọn oníròyìn láàmú. Orí tábìlì ni a ti ń já wálẹ̀. Èèyàn ni a ń já kulẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ṣe ipò 16, tó fi bẹ́ẹ̀ bọ́, ò já wálẹ̀ rárá, síbẹ̀ ó lè ti já àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kulẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé ìparí.