Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Kí A Tó Yáwó Nítorí JUCE

Ní ìpàdé tí a ṣe kọjá, ìyá kan nínú àwọn aláṣọ wa mú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wá nítorí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni “kọ̀ǹpútà àti JUCE”. Àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wo ara wọn lójú. Ẹnì kan ní, “Àbí júùsì tí à ń mu ni?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, nítorí ìyá náà ti rí onígbọ̀wọ́ méjì, ẹnì kan níta sì ti sọ fún ọmọ náà pé òun yóò ta JUCE fún un ní owó ńlá, kí ó tètè san án kí ó má baà wọ́n sí i. Wọ́n ní kí akọ̀wé lọ wádìí rẹ̀ wá. Mo jókòó ti ọmọ náà ní Sátidé méjì, lórí kọ̀ǹpútà tí ó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo kọ síhìn-ín, torí ó dá mi lójú pé irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun gbogbo tí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù bá ń ṣe, ènìyàn ló kọ ètò rẹ̀ fún un. Ètò tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ ní situdíò, èyí tí wọ́n fi ń tún ohùn akọrin ṣe, èyí tí ń mú kí kíbọ́ọ̀dù dún bíi fèrè tàbí dùùrù, ẹnì kan ló jókòó kọ wọ́n. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Windows ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń gbà mú ohùn jáde, kọ̀ǹpútà Apple ní tirẹ̀, Linux ní tirẹ̀, fóònù Android àti iPhone náà ní tiwọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun dé orí gbogbo wọn, à fi kí ó máa tún un kọ lákọtúnkọ. Ibẹ̀ ni JUCE ti wúlò. Framework ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ẹlòmíràn ti ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀, ìwọ yóò kàn kọ́ tìrẹ lé e lórí. Ó dà bí ẹni tí ó gba ṣọ́ọ̀bù tí òrùlé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ ti pé, tí ó kù kí ó kó ọjà sí i. Julian Storer, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é. Inú ètò ìgbàsílẹ̀ orin kan tí ó ń kọ, Tracktion, ni ó ti yọ ọ́ jáde, ó sì gbé e síta ní 2004. Ilé iṣẹ́ ROLI rà á ní 2014, PACE sì gbà á ní 2020. Èdè C++ ni a fi ń bá a ṣiṣẹ́, èdè náà kò sì rọrùn. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. JUCE kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́wọ́ alárinà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojúewé àwọn tó ni ín, ni a ti ń gbà á, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò sì ní san kọ́bọ̀ kan. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni àdéhùn. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní AGPLv3: bí o bá gba ọ̀nà yìí, tí o sì fún àwọn ènìyàn ní ètò rẹ, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti rí gbogbo ohun tí o kọ sínú rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ti oníṣòwò, tí ó jẹ́ kí o fi ohun tí o kọ pamọ́. Ti oníṣòwò yìí ní ìpele ọ̀fẹ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tíì pọ̀, bí owó bá ti ń pọ̀ ni ènìyàn yóò máa san. Kí ọmọ ka àdéhùn náà fúnra rẹ̀ kí ó tó ta ohunkóhun, nítorí wọ́n máa ń yí iye owó náà padà. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ ta JUCE fún ọmọ aláṣọ wa, omi odò ló fẹ́ tà fún apẹja. A fa igi lé ìlà yẹn nínú fọ́ọ̀mù.

Kọ̀ǹpútà ni owó ń bá lọ. Ọmọ náà kọ́kọ́ ní Mac ni òun ń fẹ́, torí gbogbo àwọn tí òun ń wò ló ń lo Mac. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ètò fún Mac tàbí iPhone yóò nílò Mac lóòótọ́, nítorí Xcode, irinṣẹ́ Apple tí a fi ń ṣe é, orí Mac nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ohun tí a kọ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ̀rọ kan kò lè sọ ọ́ di ètò fún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí ló fẹ́ fi Mac ṣe? Láptọ́ọ̀pù Windows àlòkù tó ní RAM 8GB tó o, bí ó bá jẹ́ 16GB, ó dára jù bẹ́ẹ̀. Kí a sì má gbàgbé dátà: Visual Studio Community, irinṣẹ́ tí yóò bá JUCE ṣiṣẹ́ lórí Windows, ọ̀fẹ́ ni fún akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ó tóbi púpọ̀. Kí bátìrì láptọ́ọ̀pù náà sì jẹ́ èyí tó lè dúró, ẹ mọ bí iná wa ti rí.

Ó yá, iṣẹ́ àkọ́kọ́. Nínú JUCE ni irinṣẹ́ kan wà tí a ń pè ní Projucer. Ṣí i, yan Plug-In, kí o yan Basic, fún iṣẹ́ náà ní orúkọ, rí i pé o fàmì sí VST3 àti Standalone. VST3 ni èyí tí yóò wọ inú ètò orin mìíràn. Standalone ni èyí tí yóò dá dúró fúnra rẹ̀. Projucer yóò kọ fáìlì mẹ́rin sílẹ̀ fún ọ. Méjì tí orúkọ wọn jẹ́ PluginProcessor ló ń mójútó ohùn, méjì tí ó jẹ́ PluginEditor ló ń mójútó ohun tí ojú ń rí. Má fọwọ́ kan Editor ná. Lọ sí inú PluginProcessor.cpp, wá ibi tí wọ́n kọ processBlock sí, kí o kọ ìlà kan yìí sí ìparí rẹ̀, kí àmì tó pa á dé tó dé:

buffer.applyGain (0.5f);

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ ètò náà, kí o sì ṣí i. Ohùn tó bá wọlé yóò jáde ní ìdajì agbára rẹ̀, bí ìgbà tí a yí bọ́tìnì rédíò sílẹ̀. Bí o bá kọ 1.0f, kò ní yí padà, 0.0f, yóò dákẹ́ pátápátá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé 0.5f kò dún bí ìdajì létí, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 péré ló fi ń lọ sílẹ̀, etí ènìyàn kì í sì í ka ohùn bí a ti ń ka owó.

Ibí yìí ni mo ti dẹ́ṣẹ̀. Nígbà tí ètò náà ṣí, ó kọ ọ́ síwájú pé òun ti pa gbohùngbohùn mọ́ kí ohùn má baà máa yí po. Èmi, akọ̀wé ọlọ́gbọ́n, mo ní kí ọmọ ṣí i. Ohùn jáde láti inú ẹ̀rọ, ó padà wọ inú gbohùngbohùn, ó sì fi igbe ta bí ti gbohùngbohùn ilé ìjọsìn. Ìyá rẹ̀ sáré wọlé pẹ̀lú ọ̀pá aṣọ lọ́wọ́. Ẹ lo ìyà-etí, kí ẹ sì yí ohùn sílẹ̀ kí ẹ tó dán nǹkan wò.

Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni àkókò. Kọ̀ǹpútà kì í gba ohùn lódidi, ó ń gé e wẹ́wẹ́, ìgbà 44,100 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún CD. Ó wá ń kó wọn fún processBlock ní òkìtì òkìtì. Bí òkìtì kan bá jẹ́ 512, a jẹ́ pé nǹkan bí ìgbà 86 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọn yóò pè é. Ẹ fojú inú wo oníràìsì tí oníbàárà 86 ń tò níwájú rẹ̀, tí ó sì gbọ́dọ̀ dá gbogbo wọn lóhùn kí o tó pe orúkọ rẹ̀ tán. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ní kí oníbàárà dúró kí òun lọ gbé àpò mìíràn wá láti ilé? Kò jẹ́! Àárọ̀ ló ti gbọ́dọ̀ já àpò, kí kóńgò wà lọ́wọ́. Àárọ̀ yẹn ni JUCE ń pè ní prepareToPlay. Ibẹ̀ ni a ti ń wá àyè sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, tí a ti ń ṣètò ohun gbogbo. Nínú processBlock fúnra rẹ̀, a kì í ṣí fáìlì, a kì í wá àyè tuntun, a kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, etí yóò gbọ́ ọ: ohùn yóò máa já, yóò máa ta “tá, tá”. Ọmọ náà fi ìlà kan tí ń kọ̀wé sí fáìlì síbẹ̀, kò sì mọ ohun tó ń já ohùn òun títí ọ̀sán.

Lẹ́yìn èyí ni bọ́tìnì, tí a ń fi Slider ṣe nínú Editor. Òun náà ní ìwà tirẹ̀: bí agbára ohùn bá fò láti ibì kan dé ibòmíràn lẹ́ẹ̀kan náà, a óò gbọ́ kíkérí. SmoothedValue ni JUCE fi ń mú un lọ díẹ̀díẹ̀. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó bá dé ibẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí owó láptọ́ọ̀pù àti dátà oṣù mẹ́ta, ìyá náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ mú irú fọ́ọ̀mù yìí wá, kí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìlà kan yìí lórí ẹ̀rọ àyálò, kí ó sì gbé e wá kí a gbọ́ ọ. Ní Sátidé tó kọjá, mo dé ọ̀dọ̀ ọmọ aláṣọ. Ó ti gba ohùn gángan sílẹ̀ lọ́dọ̀ onílù kan ládùúgbò wọn, ó sì ń fi Sampler tó wà nínú JUCE sọ kíbọ́ọ̀dù di ìlù. Ohùn kan ṣoṣo ló tíì mọ̀ ọ́n lù. Ó ní ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ló kàn.