Kí Ẹ Tó Ná Owó Igi, Ẹ Wo Ohun Tó Yí I Ká

Ẹni tó bá ra ilé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Houston tàbí ní Maryland kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ igi tó délẹ̀. Igi ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé, ẹ̀ka rẹ̀ ti gorí òrùlé, wáyà iná sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Agégi wá wò ó, ó pe owó tó lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là, onílé figbe ta: igi kan ṣoṣo! Igbe náà nídìí. Ọjà ni igi nílé wa. Bí tíìkì tàbí ìrókò bá wà lẹ́yìnkùlé, onípákó lè sanwó fún onílé kó tó gbé e lọ, àwọn tó ń ta igi ìdáná á sì ṣa ẹ̀ka tó kù. Ní Amẹ́ríkà, igi tó wó nínú ọgbà sábà máa ń di pàǹtírí tí ẹnìkan ní láti gé wẹ́wẹ́, kó sọ́kọ̀, kó sì lọ dà nù. Ṣùgbọ́n kíkó o dànù gan-an kọ́ ló gbówó jù. Ohun tó wà lábẹ́ igi àti ohun tó yí i ká ni ẹ ń sanwó fún.

Ẹ fi igi méjì tó dọ́gba wé ara wọn. Ọ̀kan wà ní gbalasa: agégi á gé e sí apá ibi tó fẹ́ kó wó sí, igi á sì lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èkejì há sáàárín òrùlé yín, ọgbà aládùúgbò àti òpó iná, kò síbi tí yóò wó sí. Ẹnìkan ní láti gùn ún, kó so okùn mọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kó gé e, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí igi. Bí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé bá tóóró tí ọkọ̀ kò lè wọlé, ọwọ́ àti èjìká ni wọn yóò fi kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ rò pé owó igi tó ti kú yẹ kó dín. Ó lè lé sí i ni, torí agégi kò lè fọkàn tán ẹ̀ka tó ti jẹrà, ó sì lè ní láti háyà kírénì.

Wáyà ló wá léwu jù nínú gbogbo rẹ̀. Iná máa ń lọ nílé débi pé a ti fojú òkú wo wáyà. Ní Amẹ́ríkà, ẹ gbà pé ààyè ni gbogbo wáyà, tọ̀sán tòru. Èyí tó wà lókè òpó máa ń gbé 7,200 volt ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, kò sì ní èèpo tó lè gba ẹni tó bá kàn án sílẹ̀. Ìlànà OSHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, ni pé ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀bá wáyà gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 10 ó kéré tán jìnnà sí irú wáyà bẹ́ẹ̀, òun àti ohun tó mú lọ́wọ́. Agégi tí kò wojú òkè kó tó pe owó kò tíì ṣírò iṣẹ́ náà. Ibí gan-an ni pàkúté wà, torí onílé lè sanwó ńlá fún ohun tí ilé-iṣẹ́ iná ìbá ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Níbi púpọ̀, àwọn ló ń gé ẹ̀ka tó sún mọ́ wáyà orí òpó. Ẹ̀ka tó yí wáyà tó ti òpó wọ ilé ká sábà máa ń jẹ́ ti onílé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ iná máa ń gbà láti já wáyà náà fún ọjọ́ iṣẹ́ bí ẹ bá tètè sọ fún wọn. Wọ́n lè fi igi tí wọ́n gé sílẹ̀ fún yín láti kó, ṣùgbọ́n ewu ti dín, iye tí agégi yóò pè á sì yàtọ̀. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ iná ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.

Ẹnìkan lè ní, ṣé kò sí ọmọ ìlú wa tó ní ayùn ẹlẹ́ńjìnnì, tí yóò gbà á ní ìdajì? Ó wà, ó sì lè mọṣẹ́. Bó bá ṣubú ńkọ́? Agégi tó ní inṣọ́ránsì fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ka ìyẹn mọ́ iye tó pè. Ẹni tí kò ní in yọ ọ́ kúrò, ó sì gbé ẹrù náà ka orí yín. Ẹlòmíràn á ní torí pé àwọn agégi gbọ́ ohùn wa ni wọ́n ṣe bu owó lé e. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ gba iye lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, lákọsílẹ̀, lórí iṣẹ́ kan náà: ta ni yóò kó igi, ta ni yóò lọ kùkùté, ta ni yóò tún ọgbà ṣe bó bá bàjẹ́. Ẹ ṣì lè ná an. Bí ẹ bá gbà kí ìtì igi wà lọ́dọ̀ yín, tàbí tí ẹ dúró di ìgbà òtútù nígbà tí iṣẹ́ wọn dín, owó lè wálẹ̀. Iye òṣìṣẹ́, okùn àti inṣọ́ránsì ni a kì í ná.

Ẹ béèrè òfin ìlú yín pẹ̀lú. Ní Washington, D.C., igi tí àyíká ara rẹ̀ bá tó ínṣì 44 ń fẹ́ ìwé àṣẹ, kódà nínú ọgbà ara ẹni. Bí wọ́n yóò bá lọ kùkùté, kí wọ́n pe nọ́ńbà fóònù 811 ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni, wọn yóò sì wá sàmì sí ibi tí wáyà àti páìpù gáàsì gbà nínú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì agégi fi ẹ̀rí inṣọ́ránsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín fúnra wọn, ẹ má gba ẹ̀dà lọ́wọ́ agégi, ẹ má sì san gbogbo owó kí igi tó délẹ̀.