Seed Ni Kẹ́ ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ̀ ń kọ kóòdù ní Enugu, láti Ogui Road dé New Haven, gígùn kọ́kọ́rọ́ kọ́ ni agbára rẹ̀. Inú seed tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni agbára wà. Ètò tó ń to nọ́ńbà jáde kò ní ọgbọ́n tirẹ̀: seed kan náà, nọ́ńbà kan náà, títí ayé.

Ní 2006, wọ́n yọ ìlà kóòdù díẹ̀ kúrò nínú OpenSSL ti Debian, torí pé irinṣẹ́ àyẹ̀wò kan ń pariwo lé e lórí. Mi ò bá ẹni tó yọ ọ́ jà. Ariwo irinṣẹ́ a máa súni. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ́ kù nínú seed ò ju nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ, ìyẹn kò sì ju 32,768. Babaláwo tó ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, ọ̀nà 65,536 ni odù lè gbà yọ sí i. Ìdajì ìyẹn ni irú kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ní. Oṣù Karùn-ún 2008 ni wọ́n tó kéde àṣìṣe náà, tí Luciano Bello rí.

Ẹ má fi random ti Python ṣe kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà 624 tó jáde tẹ̀ léra, odindi, yóò mọ gbogbo èyí tó ń bọ̀. Módù secrets ni kẹ́ ẹ lò. Ó ti wà látìgbà Python 3.6.

Iná wa ńkọ́? Ẹ̀rọ kékeré tí kò ní bátìrì fún aago, bí iná bá lọ tó sì dé, aago rẹ̀ lè padà sí ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1970. Bí aago bá ni seed yín, gbogbo ẹ̀rọ tó jọ tan nígbà tí iná dé lè ṣe kọ́kọ́rọ́ kan náà. Lórí Linux, ẹ pe getrandom: ó máa ń dúró títí ohun tí kernel ń kó jọ fún seed yóò fi tó. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ìmáàjì kan ṣe sáfà púpọ̀, ẹ kọ́kọ́ pa fáìlì random-seed àti kọ́kọ́rọ́ SSH inú rẹ̀ rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá srand(time(NULL)), tó ń fi aago ṣe seed, nínú kóòdù yín lónìí. Níbikíbi tó bá ti bí kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó ti bí. Àtúnṣe kóòdù nìkan kì í tún kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ṣe.