Ìwé Òfin àti Lẹ́tà Ìgbàanì ní Ilẹ̀ Wélsì

Nínú ẹ̀kọ́ ìtàn tí à ń kọ́, ohun tí ẹlòmíràn ti ṣà, tí ó sì ti tò lẹ́sẹẹsẹ fún wa ni a sábà máa ń kà. Ó ṣọ̀wọ́n kí a béèrè pé: Níbo ni ẹni yìí ti rí i? Ta ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí sì ni ó ń wá nígbà tí ó ń kọ ọ́? Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìtàn kò gbọdọ̀ ṣàì béèrè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a fi fẹ́ kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa bá wa yẹ àwọn ìwé àfọwọ́kọ kan wò, èyí tí ó ti ilẹ̀ Wélsì wá. Ilẹ̀ kékeré olókè ni Wélsì í ṣe, ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní èdè tiwọn, tí kò bá Gẹ̀ẹ́sì tan rárá ní etí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ. Oríṣi ìwé méjì ni a óò wò: ìwé òfin, tí ó fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ òun, àti lẹ́tà, tí ó fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gbọ́ òun.

Ọba kan wà ní ilẹ̀ náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hywel, ọmọ Cadell. Ó rin ìrìn-àjò lọ sí Róòmù ní 928, ó sì kú ní nǹkan bí 950, lẹ́yìn tí apá tí ó pọ̀ jù nínú Wélsì ti bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Hywel Dda ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni Hywel Ẹni Rere. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó wà ní orí àwọn ìwé òfin sọ fún wa pé ọba yìí ránṣẹ́ pe ọkùnrin mẹ́fà láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn amòye, wá sí Tŷ Gwyn ar Daf, Ilé Funfun tí ó wà lẹ́bàá odò Taf. Àkókò ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì yẹ òfin àtijọ́ wò: èyí tí ó dára wọ́n fi í sílẹ̀, èyí tí kò dára wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi ẹnikẹ́ni tí yóò bá rú u gégùn-ún.

Ìtàn dídùn ni èyí. Ṣùgbọ́n kí ni ọjọ́ orí àwọn ìwé tí ó sọ ọ́? Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kọ ní ayé Hywel. Àwọn tí ó dàgbà jù lọ nínú èyí tí ó wà lọ́wọ́ lónìí, àárín ọ̀rúndún kẹtàlá ni a kọ wọ́n, nígbà tí ọba náà ti wà nínú ibojì fún nǹkan bí 300 ọdún. Ohun mìíràn sì tún wà. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá náà gan-an ni àwọn kan nínú àwọn àgbà Ìjọ ń bá òfin Wélsì wí, pé ó ta ko òfin Ọlọ́run ní ti ìgbéyàwó àti ogún. Nítorí òfin yìí jẹ́ kí ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbéyàwó jogún bí baba rẹ̀ bá ti jẹ́wọ́ rẹ̀. Ní 1282, John Pecham, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury, kọ̀wé sí Llywelyn ap Gruffudd, olórí àwọn ará Wélsì, ó sì wí pé èṣù ni ó mí sí Hywel. Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń fò káàkiri, ta ni kò rí i pé ó ṣàǹfààní kí ìwé òfin kan sọ pé ọba tí ó ti dé Róòmù ni ó ṣe òun, nínú ààwẹ̀, lójú àwọn bíṣọ́ọ̀bù? Àwa kò wí pé Hywel kò ṣe nǹkan kan. Àwọn amòye gbà pé ọwọ́ rẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà dà bí ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò, bí ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ni ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ.

Inú òfin náà gan-an dùn ún kà ju ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ààfin, ó sì ka ìjòyè 24 tí ń sin ọba àti ayaba, àyè tí olúkúlùkù wọn yóò jókòó sí, àti ohun tí ó tọ́ sí i. Ìwé kan tí a kọ ní èdè Látìnì, tí à ń pè ní Peniarth 28, ya àwòrán wọn sí inú rẹ̀: ọba lórí ìtẹ́, àti ẹni tí ń tọ́jú àṣá pẹ̀lú ẹyẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fi àwòrán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàrin wọn. Èyí tí ó pọ̀ jù kéré, kò sì lẹ́wà, nítorí àwọn adájọ́ ni ó ń gbé e rìn.

Bí ẹnì kan bá pa ènìyàn, kì í ṣe òun nìkan ni yóò san owó ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní galanas. Òun àti àwọn tí ó sún mọ́ ọn jù yóò san ìdá kan nínú mẹ́ta; ìyókù di ti àwọn ìbátan, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ́dọ̀ ará ilé baba, ìdá kan lọ́dọ̀ ará ilé ìyá. Ẹ rí i pé irú òfin yìí sọ gbogbo ẹbí di ọlọ́pàá fún ara wọn. Bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọdún méje ti pé, a óò pín ohun ìní wọn sí méjì: ẹlẹ́dẹ̀ bá ọkọ lọ, àgùtàn bá aya lọ, nínú ọmọ mẹ́ta, àkọ́bí àti àbíkẹ́yìn jẹ́ ti baba, ti àárín jẹ́ ti ìyá. Gbogbo adìyẹ di ti ọkọ, pẹ̀lú ológbò kan ṣoṣo. Ológbò yòókù di ti aya.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín ológbò náà, nítorí òfin fi ojú pàtàkì wò ó. Láti òru tí a bí i títí yóò fi lajú, pẹ́nì kan ni iye rẹ̀. Láti ìgbà náà títí yóò fi pa eku, pẹ́nì méjì. Lẹ́yìn èyí, pẹ́nì mẹ́rin. Ó gbọ́dọ̀ ríran, kí ó gbọ́ràn, kí ó máa pa eku, kí èékánná rẹ̀ pé, kí ó sì máa tọ́ ọmọ rẹ̀ láì jẹ wọ́n. Bí ó bá kù síbì kan, ẹni tí ó tà á yóò dá ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà padà. Ẹni tí ó bá sì pa ológbò tí ń ṣọ́ àká ọba, a óò fi ìrù ológbò náà gbé e rọ̀, kí orí rẹ̀ kan ilẹ̀ tí a gbá mọ́, a óò sì máa da ọkà àlìkámà lé e títí ṣóńṣó ìrù rẹ̀ yóò fi bò mọ́lẹ̀. Ọkà yìí ni owó ìtanràn. Ẹni tí ó ṣe òfin yìí mọ ohun tí eku lè fi àká ṣe.

Ní 1284, lẹ́yìn tí Edward Kìn-ín-ní ti ṣẹ́gun Wélsì, ó fi òfin Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò òfin Hywel ní ti ẹjọ́ ìpànìyàn àti olè ní apá ilẹ̀ tí ó bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ kò yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn amòfin ń da ìwé wọn kọ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí a kọ ní gúúsù Wélsì ní nǹkan bí 1350, kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ onímọ̀ ìtàn ní Boston. Ní 2012 ni a gbé e sí gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù, Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Wélsì tí ó wà ní Aberystwyth sì fi £541,250 rà á padà.

Òfin tí ọba Henry Kẹjọ ṣe ní 1536 ni ó pa òfin Hywel tì pátápátá. Ó sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ilé ẹjọ́, ó sì wí pé ẹni tí kò bá lè lo Gẹ̀ẹ́sì kò ní jẹ oyè ìjọba kankan. Ìwé tí adájọ́ ń gbé rìn lánàá di awọ lásán. A kì bá má rí púpọ̀ nínú wọn lónìí bí kò ṣe ti àwọn díẹ̀ tí ìfẹ́ ìwé mú. John Jones ti Gellilyfdy wọ gbèsè, ó sì lo ọdún púpọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n Fleet ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni ó jókòó tí ó ń fi ọwọ́ tí ó lẹ́wà gidigidi da ìwé àtijọ́ kọ. Ìwé rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Robert Vaughan ti Hengwrt, ẹni tí ó kú ní 1667, tí ó sì ti kó ìwé àfọwọ́kọ jọ ju ẹnikẹ́ni lọ ní ilẹ̀ náà. Láti Hengwrt ni wọ́n dé Peniarth, láti Peniarth ni wọ́n dé Aberystwyth. Àwọn tí kò rí irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò yọ: iná jó ilé Hafod ní 1807, ó jó Wynnstay ní 1858, ìwé púpọ̀ sì bá iná lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo lẹ́tà. Òfin 1536 kan náà ni ó ṣí ọ̀nà ọlá sílẹ̀ fún àwọn ìdílé onílẹ̀ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a sì rí i nínú lẹ́tà wọn: Wélsì ni wọ́n ń sọ nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Ìdílé Wynn ti Gwydir, nítòsí Llanrwst, pa lẹ́tà àti ìwé wọn mọ́ láti 1515 títí dé 1690, iye rẹ̀ sì ju 2,000 lọ. Olórí wọn ni Sir John Wynn, tí a bí ní 1553, tí ó kú ní 1627. Ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Cambridge àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan ṣòwò ní Hamburg, ọ̀kan bá ọmọ ọba Charles lọ sí Sípéènì ní 1623, àkọ́bí rẹ̀ sì kú ní Lucca ní ilẹ̀ Itálì ní 1614. Ní 1625, tí ó ti di arúgbó, ó tún kọ̀wé sí Sir Hugh Myddelton, ẹni tí ó fa omi wọ Lọ́ńdọ̀nù, pé kí ó wá bá òun gba ilẹ̀ iyanrìn Traeth Mawr lọ́wọ́ òkun. Myddelton dáhùn pé ọjọ́ ti lọ lórí òun, iṣẹ́ kùsà sì ti gba òun lọ́wọ́.

Lẹ́tà tí ó wú wa lórí jù ni ti ìjà rẹ̀ pẹ̀lú William Morgan. Ọmọ ẹni tí ń dáko lórí ilẹ̀ Gwydir ni Morgan í ṣe. Òun ni ó túmọ̀ gbogbo Bíbélì sí èdè Wélsì, tí a tẹ̀ jáde ní 1588, iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí èdè náà kú nígbà tí ilé ẹjọ́ ti lé e jáde. Ní 1601 ó di bíṣọ́ọ̀bù St Asaph. Sir John wá béèrè pé kí ó fi owó ìdámẹ́wàá ìjọ Llanrwst há òun. Morgan kọ̀, ó ní ẹ̀rí ọkàn òun kò jẹ́, nítorí yóò pa ìjọ lára. Ní 1603 àti 1604 ni lẹ́tà wọn gbóná jù: ọlọ́lá náà ń ka gbogbo oore tí ó ti ṣe fún un, ó ń pè é ní aláìmoore, bíṣọ́ọ̀bù ń dá a lóhùn pé òun mọ oore, ṣùgbọ́n ohun Ìjọ kì í ṣe ohun tí òun lè fi san án. Ojú wa ni ó ṣì ń dún sí ti Morgan nínú ọ̀ràn yìí, àmọ́ kí a rántí pé inú àpótí Sir John ni lẹ́tà àwọn méjèèjì ti wá. Òun ni ó pa ọ̀rọ̀ tí ó dá òun lẹ́bi mọ́.

Morgan kú ní oṣù September 1604, kò sì fi ọrọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Sir John ń kọ ìrántí nípa àwọn ènìyàn pàtàkì agbègbè rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó dárúkọ bíṣọ́ọ̀bù náà pé ó túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ó jẹ àǹfààní iṣẹ́ tí Richard Davies àti William Salesbury ti ṣe ṣáájú rẹ̀.