Kí Ẹ Tó Ra Àlọ́ì: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ẹdẹ

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí Iléyá tàbí Kérésì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo máa ń rí yín lọ́dọ̀ àwọn fọkanáísà láti Akódà títí dé ẹnu ọ̀nà Pólì. Ẹ ti lọ sí Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ ti ra ríìmù àlọ́ì tòkúnbọ̀ tó ń dán gbinrin, ẹ fẹ́ fi ṣọdún. Mi ò bá ẹwà jà. Ọkọ̀ tó mọ́, tó dúró dáadáa, iyì ẹni tó ni ín ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé iye owó nìkan lẹ ń bi ẹni tó ń tà á, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọ́fúsẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbọ́ tèmi.

1. Ẹ wo ríìmù tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kí ẹ tó náwó sí òmíràn. Ẹ tú u, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ fi àkísà nu ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ lè rí nǹkan bíi 16×6½J, kí ẹ sì rí ET tí nọ́ńbà tẹ̀ lé, bíi ET45. 16 ni gíga ríìmù ní ínǹṣì, 6½ ni fífẹ̀ rẹ̀. ET, tí wọ́n gé kúrú láti inú èdè Jámánì, ni ọ́fúsẹ́ẹ̀tì: iye mìlímítà tó wà láàárín ojú ibi tí ríìmù ti fara ti họ́ọ̀bù àti ìlà tó pín fífẹ̀ rẹ̀ sí méjì ọgbọọgba. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà wọ́n, àwọn Corolla, Camry àti Accord tó kún ìgboro wa, nọ́ńbà tiwọn kì í jìnnà sí 35 sí 55. Ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ mú un dání lọ sọ́jà.

2. Èyí ni mo fẹ́ kó yé yín jù. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i ni táyà ń yọ síta sí i. Ẹ fi ET25 rọ́pò ET45, táyà ti fi 20 mm jáde nìyẹn. Ó wuni lójú, mo gbà. Ṣùgbọ́n bẹ́ríǹ inú họ́ọ̀bù ló ń ru ọkọ̀, àwọn tó ṣe é sì ti ṣírò ibi tí ẹrù yóò ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé garawa omi mọ́ àyà, kí ẹ tún na ọwọ́ gbọọrọ gbé e: omi kan náà ni, èjìká ló mọ ìyàtọ̀. Bẹ́ríǹ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ẹ ó máa bú táyà. Sítíárìn náà kò ní sinmi. Kòtò tí ọkọ̀ ti máa ń rọra kọjá tẹ́lẹ̀ á máa já a gbà mọ́ yín lọ́wọ́. Bí búrékì ẹ̀gbẹ́ kan bá sì mú ju ìkejì, ọkọ̀ á fà sápá kan lójijì. Ẹ rò ó wò lórí eré, ní ọ̀nà Gbọ̀ngán, pẹ̀lú ìyá yín lẹ́yìn ọkọ̀.

Bí nọ́ńbà bá sì ga jù, ríìmù á wọnú, á máa ha ṣọ́kù tàbí kalípà búrékì. Lọ́dọ̀ tèmi, kí ìyàtọ̀ má ju 5 mm lọ.

3. ET kan náà kò tó bí fífẹ̀ bá yàtọ̀. Ínǹṣì kan jẹ́ 25.4 mm. Bí ẹ bá kúrò ní 6½ bọ́ sí 7½, tí ET kò yí padà, 12.7 mm á lọ síta, 12.7 mm á wọnú. Ọ̀nà méjèèjì ni kí ẹ wò.

4. Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ dojú ríìmù dé, ẹ fi igi tó tọ́ dábùú ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wọn jíjìn láti abẹ́ igi dé ibi tó ń fara ti họ́ọ̀bù. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ láti etí dé etí, ẹ dá a sí méjì, kí ẹ yọ ìdajì yẹn kúrò nínú jíjìn. Bí jíjìn bá jẹ́ 146 mm, tí gbogbo fífẹ̀ sì jẹ́ 202, ET45 ló wà níwájú yín. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

5. Ihò márùn-ún kì í ṣe ẹ̀rí pé yóò wọlé. Corolla ọdún 2003 sí 2008 ń lo 5×100, ìyẹn ihò márùn-ún lórí òbìrìkìtì tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 100 mm, ihò àárín rẹ̀ sì jẹ́ 54.1 mm. Camry tí a ń pè ní Muscle ń lo 5×114.3, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 60.1. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi spánà fipá mú un wọlé. Bí ihò àárín bá tóbi ju ti họ́ọ̀bù lọ, ẹ wá òrùka tó máa dí àlàfo náà, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ lè máa gbọ̀n lórí eré.

6. Sípésà tí wọ́n ń kì sí ẹ̀yìn ríìmù ń dín ọ́fúsẹ́ẹ̀tì kù ni. Ti 10 mm á sọ ET45 di ET35, ó sì ń jẹ nínú gígùn bóòtù tí nọ́ọ̀tì ń dì mú. Mi ò fẹ́ ẹ.

7. Ẹ wo ẹnu nọ́ọ̀tì. Ọ̀pọ̀ àlọ́ì tó bá Toyota wá láti ilé iṣẹ́ ń lo nọ́ọ̀tì onífáṣà pẹrẹsẹ. Ọ̀pọ̀ àlọ́ì ọjà ń fẹ́ èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀, yóò tú lójú ọ̀nà. Ti Corolla àti Camry, 103 Nm ni agbára dídì rẹ̀. Kí ẹ tún un dì lẹ́yìn nǹkan bí 100 kìlómítà.

8. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá ẹni tó ń tà á ṣàdéhùn pé ẹ lè dá a padà. Ríìmù lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọ ẹsẹ̀ ọkọ̀, láìtíì de táyà mọ́ ọn, kí ẹ fọwọ́ yí i, kí ẹ tẹ́tí sí kalípà. Bó bá kọjá ibẹ̀, ẹ de táyà mọ́ ọn, kí ẹ kó èèyàn sínú ọkọ̀, méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, bí àwọn tó ń ná Òṣogbo ṣe ń kó o. Ẹ yí sítíárìn dópin sọ́tùn-ún, ẹ yí i dópin sósì, kí ẹ gun gẹ̀gẹ̀lẹ̀ kan. Bó bá ha fẹ́ńdà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé òòlù sí ara ọkọ̀ yín. Ríìmù ni kí ẹ dá padà.