Ẹ Jókòó, Ẹ Jẹun, Kí N Bá Yín Wí

Ẹ má tíì gbé báàgì yẹn sọ́kọ̀. Ẹ jókòó. Ẹ̀kọ ti gbóná, àkàrà ń bọ̀ lórí iná, ẹnikẹ́ni nínú yín ò ní kúrò ní Chicago lónìí pẹ̀lú ikùn òfìfo. Bí ẹ bá ṣe ń jẹ ni n ó máa sọ tèmi.

Ẹ ṣé tí ẹ mú mi dání lọ sí Soldier Field lálẹ́ àná. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yẹn lọ síbi iṣẹ́, n kò wọ inú rẹ̀ rí. Ó lé ní 70,000 ènìyàn níbẹ̀, àgbà àtọmọdé, tí gbogbo wọn jọ ń kọrin. Ẹsẹ̀ ń ro mí títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Àmọ́ ìwọ ọmọ àbúrò mi, wojú mi. Láti oṣù kìíní lo ti mọ̀ pé ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead ń bọ̀ wá dágbére. Ìwọ lo jókòó tí o ń ya òdòdó róòsì àti gángan sára àpò lẹ́tà tí o fi béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Stinson Beach ní California, bí àwọn olólùfẹ́ wọn ti máa ń ṣe. O fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Awọ ọsán gángan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lo fà á láìfo ẹyọ kan. Ẹni tó ní irú sùúrù yẹn, kí ló dé tí kò tètè pe àǹtí rẹ̀? Ó ku ọjọ́ mẹ́ta lo tó pè: “Àǹtí, a ń bọ̀, a pé mẹ́jọ.” Mẹ́jọ! Hòtẹ́ẹ̀lì ti kún, ẹní kan ṣoṣo ló wà nílé mi. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sùn sórí aṣọ òkè mi o.

Ìyẹn kéré. Ilé mi, ilé yín ni. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ fi bàbá rẹ sílẹ̀ ní Houston.

Ta ló kọ́ ọ ní orin yìí? Nígbà tí àbúrò mi ń kàwé ní California, ó gbọ́ pé ọmọ ilé wa kan fẹ́ bá Grateful Dead ṣeré ní Oakland. Babátúndé Ọlátúnjí ni, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tó wá kàwé ní Morehouse ní 1950, tí àwo rẹ̀, Drums of Passion, sì ti jáde láti 1960. Mickey Hart tó ń lu ìlù fún Grateful Dead bọ̀wọ̀ fún un bí ọ̀gá. Nítorí Ọlátúnjí ni bàbá rẹ ṣe lọ, ṣùgbọ́n orin Jerry Garcia, onígìtá ẹgbẹ́ náà, ló ń kọ bọ̀ wálé. Nígbà tí Hart gbé Planet Drum jáde ní 1991, àwo tó gba Grammy àkọ́kọ́ fún orin àgbáyé, òru ni bàbá rẹ pè mí: “Ẹ̀gbọ́n mi, gángan wà nínú rẹ̀! Síkírù Adépọ̀jù, ọmọ Ẹ̀rúwà ni!” Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí o gbọ́ nínú mọ́tò lójú ọ̀nà iléèwé, bàbá rẹ ló ń fi owó oúnjẹ rẹ̀ rà wọ́n.

9 oṣù keje 1995, ní Soldier Field yìí kan náà, ni Garcia bá wọn ṣeré kẹ́yìn. Oṣù kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀ ló kú. Mo gbọ́ ẹkún bàbá rẹ lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Ní ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Weir, Lesh, Kreutzmann àti Hart, padà wá síbi tí wọ́n ti rí ọ̀rẹ́ wọn kẹ́yìn lórí pèpéle, ẹni tó sunkún rẹ̀ ni ẹ fi sílé. O ní eékún ń dùn ún, àtẹ̀gùn pọ̀. Ṣé èmi tí mo gùn ún lánàá, àbúrò rẹ̀ ni mí ni?

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ. Nígbà tí àwọn onígìtá kúrò, tó ku onílù méjèèjì nìkan, ọmọ rẹ di ọwọ́ mi mú, ó ń fi ìka lu ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, “Màmá Chicago, kí ni ìlù yẹn ń sọ?” N kò mọ ohun tí n ó wí. Bàbá àgbà rẹ̀ ì bá mọ̀.

Ó sanwó, ó wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, òun nìkan nínú pálọ̀. Kò fi ẹjọ́ yín sùn mí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tó pè mí ni pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ ìlù yẹn?”

Àkàrà inú ike yìí, tirẹ̀ ni. Ẹ má jẹ ẹ́ lọ́nà. Fóònù sì nìyí, ẹ pè é kí ẹ tó wọ mọ́tò, kí ẹ gbé e fún ọmọ yẹn, kó bi í ní ìbéèrè rẹ̀.